Ọdún Tí Fọláránmi Ru Igbá Èébú

Bí ẹnikẹ́ni bá kú lágbègbè Ilé-Ifẹ̀ láwọn ọdún wọ̀nyẹn, tí wọ́n sì sin ín tayẹ̀yẹtayẹ̀yẹ, orí àga Fọláránmi ni àwọn àlejò jókòó sí jẹ ẹran ìnáwó rẹ̀. Fọláránmi ló ni kánópì, òun ló ni àga onírin, òun náà ló ni àga onírọ́bà funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Iye àga ló fi ń mọ iye tí èèyàn jẹ́. Bí wọ́n bá wá túfọ̀ fún un, kò ní béèrè ohun tó pa olóògbé. Yóò kẹ́dùn díẹ̀, yóò mi orí, yóò wá ní, "Ṣé igba àga á tó, àbí ká kúkú kó ẹgbẹ̀ta?" Bí wọ́n bá ní igba, òkú náà ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹgbẹ̀ta, yóò wọ agbádá, yóò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀sìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá mọ ẹ̀sìn Fọláránmi, kó wá sọ fún wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ óò bá a ní mọ́ṣáláṣí, ní ìlà ìkẹyìn, torí pé wọ́n fẹ́ so yìgì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ṣe àmín kí pásítọ̀ tó parí gbólóhùn, torí pé ọjọ́ ìkórè ti ń sún mọ́lé. Bí ẹ bá bi í, á ní Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn. Ohun tí kò ní sọ fún yín ni pé ọwọ́ ẹnì kan náà ni gbogbo wọn ti ń yá àga.

Etí-Adágún ni ilé rẹ̀ wà, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n, tí ọ̀kadà tó bá gbéra ní Enuwá nílùú Ifẹ̀ ń dé kó tó rẹ ẹni tó gùn ún. Ìlú náà kò ní ohun tó fi ń yangàn ju adágún rẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀nù. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á ṣọdún rẹ̀. Ìdajì ọdún náà jẹ́ ìsìn, ìdajì jẹ́ fàájì, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó wá tọrọ ọmọ á ró aṣọ funfun, á kúnlẹ̀ sétí omi, omijé á máa bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá ti dìde báyìí, ó di ìdí dùńdú, ó di ibi tí wọ́n ti ń jìjàkadì. Àwọn díákónì máa ń wá, wọ́n á ní àṣà làwọn wá wò, pé àwọn ò wá wo òrìṣà. Àwọn àáfà náà máa ń wá, wọ́n á ní ìyàwó àwọn làwọn wá mú lọ sílé. Ìyàwó ọ̀hún á ti wà nílé láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọdún náà ni igbá èébú. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yàn lọ́dún kan, tí yóò ru igbá funfun láti ilé Baálẹ̀ títí dé etí omi. Òfìfo ni igbá náà. Ọ̀rọ̀ ló ń kún inú rẹ̀. Gbogbo ìlú á tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa bú ẹni tó rù ú bó ṣe wù wọ́n: olè tó jà, irọ́ tó pa, àlè tó yàn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á dà lé e lórí. Kò gbọ́dọ̀ fèsì, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ la ẹnu. Bó bá dé etí omi, Yèyé Àwẹ̀nù, ìyá arúgbó tó ń sin adágún náà, á gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, á fọwọ́ wọ̀n ọ́n wò. Bó bá wúwo, á dà á sómi. Gbogbo èébú tí onígbá kò fèsì sí ti bómi lọ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́ mọ́ láyé. Wọ́n á wá fi onítọ̀hún joyè Olúfaradà, á sì máa bá àwọn ìjòyè jókòó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá fèsì sí, tirẹ̀ ni. Á gbé e relé, tọmọdé tàgbà á sì máa bá a sọ ọ́.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Àyànlọ́wọ̀, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, rù ú lọ́dún kan. Wọ́n pè é lólè, ó dákẹ́. Wọ́n ní ó jẹ owó ilé ìwé, ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òótọ́ ni. Ó kù díẹ̀ kó dé omi ni obìnrin elẹ́pà kan ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni Tíṣà fìdí rẹmi nínú ìdánwò kó tó yege. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ni Tíṣà wí. Bí oyè ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Oyè yìí ni Fọláránmi ń fi ojú méjèèjì wá. Kò sí ìnáwó tí kì í sí níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ló máa ń jókòó sí, tí á máa ṣọ́ àga kí wọ́n má baà jí i. Òun ló ni àga tí wọ́n tò sídìí tábìlì àwọn ọlọ́lá. Òun ló nù ún, òun ló tò ó, kò sì tíì sọ́jọ́ kan tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá jókòó síbẹ̀. Ó ń dùn ún. Mo mọ̀ pé à ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun. Nígbà tó sin ìyá rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú èyí tó ru igbá, ó kó gbogbo àga rẹ̀ jáde, ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n dí pa, màlúù ṣubú, ó rò pé ọjọ́ náà lòun máa di èèyàn ńlá. Ìjòyè tí wọ́n fi ṣe àlejò pàtàkì jẹun yó, ó nu ẹnu, ó wò ó lójú, ó ní, "Oníkánópì, àga yìí ń mì o."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lépa igbá. Baálẹ̀ ń sọmọ-ọmọ lórúkọ, Fọláránmi gbé kánópì lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbé àga onírọ́bà méjì fún Yèyé Àwẹ̀nù. Ìyá náà dúpẹ́, ó ní orí ẹní lòun ń jókòó ní tòun, ó wá fi àga méjèèjì sá ẹ̀gẹ́. Nígbà tó di 1995, wọ́n ní kó wá ru igbá.

Fọláránmi kì í ṣe ẹni tó ń lọ sógun láìpọ́n àdá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pe Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní Enuwá.

"Ìyá Ìrètí, mo fẹ́ kó o máa bú mi."

"Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Kó lè mọ́ mi lára ni."

Àtọ́kẹ́ wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe. "Ẹ ò ní tìtorí ẹ̀ lù mí?"

"Mi ò ní lù ẹ́. Ṣáà máa bú mi."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtìjú ni obìnrin náà fi bú u. Ó ní orí rẹ̀ tóbi. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu ti yá a. Ó bú u lórí híhan-an-run, ó bú u lórí ahun, lórí bó ṣe máa ń ka ẹran inú ìkòkò kó tó sùn, lórí bàtà kan ṣoṣo tó ní, tí kì í wọ̀ lọ síbi òkú tálákà. Àwọn ará àdúgbò wá ń gbé àpótí wá sábẹ́ fèrèsé láti gbọ́ ọ. Fọláránmi á máa bu òkèlè, á ní, "Ó ṣì kù, fi kún un." Ara Àtọ́kẹ́ dán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Láti ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra, kò tíì sí oògùn tó bá obìnrin náà lára mu tó ìyẹn. Ó ti lọ rán aṣọ tí yóò wọ̀ bí wọ́n bá fi ọkọ rẹ̀ joyè. Ohun kan wà tí kò fẹnu bà nínú gbogbo rẹ̀, Fọláránmi náà kò sì rán an létí.

Lẹ́yìn èyí, Fọláránmi tún rò ó pé oyè tí kò sí èrò níbẹ̀, òfo ni. Ó lọ bá àwọn ìgbìmọ̀ ọdún, ó ní òun fẹ́ kí ọdún tọdún yìí fakọ yọ. Ó háyà kẹ̀kẹ́ onírin ràgàjì kan láti Ìbàdàn, irú èyí tí èèyàn ń jókòó sí tó ń gbé e yípo lófuurufú. Torí pé kò sí iná mànàmáná, àwọn géńdé ló ń fọwọ́ yí i, tí wọ́n ń làágùn. Ó pe ọkùnrin tó ń jẹ iná. Ó pe àwọn tó ń fi òrùka ju agolo mílíìkì. Ó pe fọ́tógíráfà kan tó ya bàálù sára aṣọ, kí ẹni tí kò rí pápákọ̀ òfuurufú rí lè dúró tì í, kó gbé ọwọ́ lé ẹnu bàálù bí ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Olórí gbogbo rẹ̀ wá ni pé ó kó àga rẹ̀ tán pátá, ó tò wọ́n sétí omi ní ìlà-ìlà, ó ta kánópì lé wọn lórí. Baálẹ̀ rí i, ó ní ojú òun ò rí irú èyí rí.

Kò sẹ́ni tó ronú. Ohun tó ń mú kí èèyàn dúró sẹ́bàá ọ̀nà láti ọjọ́ táláyé ti dáyé, kó máa bú ẹlòmíì, ni pé kò ríbi jókòó. Ẹni tó wà lórí ìnàró, tí oòrùn ń pa, tí ẹsẹ̀ ń ro, òun ló mọ èébú í bú. Ẹ wá fún un ní àga, ẹ fi í sábẹ́ ìbòòji, ẹ gbé mínírà tútù lé e lọ́wọ́, ẹ ní kó máa wo ẹni tó ń jẹ iná. Kí ló tún fẹ́ máa bú Fọláránmi sí?

Ọjọ́ pé. Fọláránmi jáde nílé Baálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun ní ìbàdí, igbá lórí, ètè rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Kọ́lápọ̀ fọkanáísà, tó joyè lọ́dún tó kọjá, ń tẹ̀ lé e láti máa ṣọ́ bóyá á sọ̀rọ̀. Fọláránmi yan síta, ó na ọrùn, ó ń retí. Ojú ọ̀nà dá. Ewúrẹ́ kan dúró lẹ́bàá kòtò, ó wò ó, ó ké, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kan wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun ti gbé e lọ. Olùkọ́ kan láti yunifásítì, ẹni tó ti ń ṣèwádìí èébú láti ọjọ́ pípẹ́, na rẹ́kọ́dà rẹ̀ sójú ọ̀nà, ohùn ewúrẹ́ nìkan ló sì rí gbà. Nígbà tí Fọláránmi dé iwájú rẹ̀, ọkùnrin náà yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìnira, sà."

Kò tíì lọ jìnnà tí Mojíre, aránṣọ kan tó ń sáré lọ síbi kẹ̀kẹ́ onírin, pàdé rẹ̀. Inú Fọláránmi dùn. Ó mọ̀ pé òun jẹ Mojíre ní àlàyé lórí aṣọ kan tí òun gbà tí òun ò wá sanwó rẹ̀ mọ́, ó sì ti gbára dì. Mojíre kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọdún o, sà. Ẹ ṣeun fún àga." Ló bá tún sáré lọ. Ojú Fọláránmi pọ́n. Kò sí ìyà tó dà bíi kí èèyàn ti múra fún èébú tán, kí wọ́n wá máa kí i.

"Lọ́dún tèmi," ni Kọ́lápọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bi í, "wọ́n bú mi dé orí bàbá tó bí bàbá mi. Ó dùn."

Wọ́n dé etí omi. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ké, kẹ̀kẹ́ ń yí, àwọn èèyàn jókòó gẹlẹtẹ. Yèyé Àwẹ̀nù gba igbá, ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀.

"Ó fúyẹ́," ló wí. "Ta ló bú u?"

"Kò sẹ́nì kan, Yèyé," ni Kọ́lápọ̀ dáhùn. "Ewúrẹ́ kan ṣá ké."

Ìyá náà gbé igbá padà sórí Fọláránmi. "N ò ní da òfìfo sómi. Bí oòrùn yìí bá fi wọ̀ tí kò wúwo, kó gbé e padà sílé Baálẹ̀. Kò joyè kankan nìyẹn."

Baálẹ̀ ní kí wọ́n dá kẹ̀kẹ́ dúró. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ gbogbo ìlú pé kí wọ́n dákun, kí wọ́n bá òun bú ọkùnrin yìí. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Báwo lèèyàn á ṣe jókòó sórí àga ẹni, kó máa bú olúwarẹ̀? Ta ló sì mọ ọ̀sẹ̀ tí ìnáwó tirẹ̀ máa bọ́ sí? Díákónì kan dìde, ó wúkọ́. Ó ní, "Arákùnrin Fọláránmi, nígbà mìíràn, ẹ kì í tètè dé." Ó jókòó, ó nu ojú. Alájì Bùsàrí, tó jókòó tì í, ní ní tòun, òun ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Igbá wà lórí Fọláránmi, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, oòrùn sì ń rọ̀ sápá kan. Ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ẹ ò rí nǹkan: ọkùnrin tó ti fi ọdún mélòó ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo ayé, kò rí ẹni tó máa ta á lọ́rẹ èébú kan.

Ìgbà náà ni Àtọ́kẹ́ là láàárín èrò kọjá, tòun taṣọ tuntun lára. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí orí ńlá, ó gba ibi híhan-an-run kọjá, ó dé ibi ẹran inú ìkòkò. Ẹ̀rín pa gbogbo èrò. Ọkàn Fọláránmi balẹ̀, ó tilẹ̀ mọ èyí tó kàn. Yèyé fọwọ́ kan igbá.

"Ó ṣì fúyẹ́. Èébú inú ilé nìyí, ó ti jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ tí kò dun èèyàn kì í wúwo, ọmọ mi."

Àtọ́kẹ́ wo oòrùn, ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Fọláránmi rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ìbínú ló fẹ́ fi sọ ohun tó ń bọ̀. Ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ inú igbá, tó sì bómi lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé.

"Bàbá Ìrètí," ló wí, "mo bẹ̀ yín, ẹ ṣáà dákẹ́. Ọjọ́ tí ìyá yín wá kí wa láti Ẹdúnàbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn ti wú. Ẹ ní àwọn ìgbìmọ̀ ọdún wà ní pálọ̀, pé kí ìyá yín má tíì wọlé. Wọ́n ní kẹ́ ẹ gbé àga kan fáwọn síta. Ẹ ní kò sí àga. Bẹ́ẹ̀, àga tò jọ lẹ́yìnkùlé, ó kan òrùlé. Orí odó ni wọ́n jókòó sí, àgbàlagbà tó mọ̀ pé a kì í jókòó lórí odó. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dìde lọ sí gáréèjì. A ò tún fojú kàn wọ́n mọ́. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ kó gbogbo àga jáde."

Ẹni tó na ẹsẹ̀ ká a kò. Ẹni tó fi ẹ̀yìn ti àga fà síwájú díẹ̀. Ọrùn Fọláránmi tẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé lórí. Yèyé Àwẹ̀nù na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di etí igbá mú.

"Ó ti tó," ló wí. "Bọ̀ wá, ọmọ mi. Ó ti wúwo."

Ohun tó kù kò ju kí ó má la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo wọn ló ń wo òun: Baálẹ̀, díákónì, Alájì, àti ìjòyè tó ní àga ń mì. Gbogbo ìdí tábìlì àwọn ọlọ́lá ló tẹjú mọ́ ọn, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láyé rẹ̀. Kò fẹ́ kí wọ́n rò ó ní búburú.

"Àwọn oníbàárà ti sanwó àga ọjọ́ náà sílẹ̀ ni," ló wí.

Yèyé jọ̀wọ́ igbá. Kò bínú, kò pariwo. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó da epo nù, ó ní, "Gbé e lọ sílé." Àtọ́kẹ́ fi aṣọ tuntun rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀ etí omi, ó ń sunkún. Fọláránmi yí padà pẹ̀lú igbá lórí, ó kọjú sọ́nà ilé. Kò tíì kúrò lábẹ́ kánópì tó fi gbọ́ tí ẹsẹ̀ àga ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan, òmíràn, gbogbo wọn. Àwọn èèyàn ti dìde, wọ́n ń yà lọ síwájú rẹ̀ láti lọ tò sẹ́bàá ọ̀nà.